Wálé, ṣé òótọ́ ni?

Wálé ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Láti Mọ́ńdè ni fóònù ẹ ti ń dún tó ò gbé e. Ìyá ẹ ní kí n fi ẹ́ sílẹ̀, pé bóyá iṣẹ́ ló pọ̀, àmọ́ oorun ò kùn mí. Ewúrẹ́ ti bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Táńkì tún ti ń jò. Ìyẹn kọ́ ni mo wá sọ.

Wọ́n ní ìyá arúgbó kan bì ní ṣọ́ọ̀ṣì yín lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ẹ̀gbẹ́ ẹ gan-an ni, ìwọ díákónì wá ká agbádá sókè, o sún sẹ́yìn, o ń pariwo pé àwọn tó ń gbálẹ̀ dà, pé ọmọbìnrin kékeré kan ló tú síkáàfù orí ẹ̀ tó fi nu màmá náà lẹ́nu, tó tún fi nu ilẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Mo pa àgbò lọ́jọ́ tí wọ́n fi ẹ́ jẹ díákónì o, mi ò kórìíra oyè ẹ. Àmọ́ ìránṣẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lédè Gíríìkì. Stéfánù yẹn, torí oúnjẹ àwọn opó ni wọ́n ṣe yan òun àtàwọn mẹ́fà yòókù. Jésù fúnra ẹ̀ di aṣọ ìnura mọ́ ìdí, ó fọ ẹsẹ̀ Júdásì mọ́ tàwọn tó kù, ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ yẹn náà ló máa fi lọ kó àwọn ọmọ ogun wá lóru ọjọ́ yẹn.

Wálé, ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀rù ń bà mí torí mo mọ ibi tó o ti kọ́ ọ. Nígbà tí rọpárọsẹ̀ dá màmá mi dùbúlẹ̀, ìyá ẹ ló ń wẹ̀ wọ́n, òun ló ń fọ aṣọ tí wọ́n bá tọ̀ sí. Èmi díákónì, ẹnu ọ̀nà ni mo máa ń dúró sí, màá dijú, màá gbàdúrà. Àdúrà gígùn. Lọ́jọ́ kan wọ́n na ọwọ́ kan tó ṣì ń gbé sí mi, mo ní kí ìyá ẹ bu omi fún wọn. Omi kọ́ ni wọ́n fẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ẹ́, o di ṣòkòtò mi mú, o rí gbogbo ẹ̀. Ẹsẹ̀ ìyá tó bí mi, mi ò fọ̀ ọ́ títí a fi sin wọ́n.

Lọ sílé màmá yẹn. Má wọ agbádá lọ, má kàn fi owó ránṣẹ́, béèrè aṣọ tó wà ní fífọ̀. Ra síkáàfù fún ọmọbìnrin yẹn. Tó bá sì jẹ́ irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ẹ, pè mí, màá bẹ̀ ẹ́.

Àkànbí, jọ̀ọ́, gbé fóònù.

Bàbá ẹ,
Ògbómọ̀ṣọ́