Àwọn ọmọ yunifásítì kékeré ti ìjọ kì í ṣe ọmọ olówó

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín láti sọ ọ̀rọ̀ kan tó ti ń dùn mí láti ìgbà ìdánwò sáà tó kọjá. Olùkọ́ ilé-ìwé girama ni mí, mo sì jẹ́ ìyá ọmọ mẹ́ta. Mararaba ni mò ń gbé, ní ẹnubodè Àbújá, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí iṣẹ́ gbé wá sí olú-ìlú ń gbé nítorí pé agbára wa kò ká owó ilé inú ìlú. Ọmọ mi kejì, obìnrin, wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì kékeré kan tí ìjọ Kristẹni dá sílẹ̀ ní Òkè Ọya níhìn-ín. N kò ní dárúkọ ilé-ìwé náà, nítorí pé n kò wá láti bà á lórúkọ jẹ́, àti nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ ní èyíkéyìí nínú irú wọn.

Láti ìgbà tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ti buwọ́ lu òfin ẹ̀yáwó fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ọjọ́ kẹta, oṣù kẹrin, ọdún 2024, ni mo ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà nínú bọ́ọ̀sì, nínú yàrá àwọn olùkọ́, àti lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Ìsinmi pàápàá, pé ẹni tó bá fi ọmọ rẹ̀ sí yunifásítì aládàáni, olówó ni, kí ó máa dá ẹrù rẹ̀ gbé. Ẹ̀yáwó náà kò ní èlé. Àpò ilé-ìwé ni wọ́n ń san owó ẹ̀kọ́ sí tààrà, wọ́n sì tún ń fún ọmọ tó bá béèrè ní 20,000 náírà lóṣooṣù tí yóò fi máa gbọ́ bùkátà ara rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ilé-ẹ̀kọ́ gíga ti ìjọba nìkan ni ètò náà wà fún. Inú mi dùn fún àwọn tó ń jẹ àǹfààní rẹ̀, torí pé àwọn ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ ní girama wà nínú wọn. Ohun tí n kò lè gbà ni èrò tó wà nídìí ìpín yẹn, pé gbogbo ọmọ tó bá wà ní ilé-ìwé aládàáni ló ní baba olówó. Ní ti àwọn yunifásítì kéékèèké tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀ lápá ibí, irọ́ pátápátá ni.

Kí ẹni tó bá ń jiyàn wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ọmọ mi ní ọjọ́ ìbẹ̀wò. Lóòótọ́, yóò rí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ díẹ̀. Àmọ́ àwọn tí yóò rí jù ni àwọn òbí tó sọ̀kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì láti Jos, láti Lafia, láti Makurdi àti láti Lokoja, tí eruku ọ̀nà wà lára aṣọ wọn, tí ìyá gbé kúlà ìrẹsì sórí, tí bàbá sì di àpò gàrí mọ́yà. Pásítọ̀ tí ìjọ rán lọ sí abúlé wà nínú wọn, ọlọ́pàá wà níbẹ̀, opó tó ń ta ẹja gbígbẹ wà níbẹ̀, àwa olùkọ́ sì pọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló jẹ́ pé owó àjọ àti owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù la fi ń san owó ilé-ìwé. Kì í ṣe fáàrí ló gbé wa débẹ̀. Ní ọdún 2020, láti oṣù kẹta títí di oṣù Kejìlá ni àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba fi yanṣẹ́ lódì. Ní ọdún 2022, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kejì, ó di ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá kí wọ́n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Èmi kò bá wọn wí, mo mọ ohun tí owó oṣù olùkọ́ jẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ mi àgbà wà ní yunifásítì ìjọba nígbà náà, ọdún mẹ́fà ló fi ka ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin, mo sì rí bí ìrètí ṣe ń tán lójú rẹ̀ bó ṣe ń sùn tó ń jí nínú ilé wa. Ìdí nìyẹn tí èmi àti bàbá wọn fi pinnu pé a ó wá ọ̀nà mìíràn fún èkejì, bí a tilẹ̀ ní láti ta ilẹ̀ tí a rà sí Ìlọrin. A sì tà á.

N kò kábàámọ̀ rẹ̀. Ọmọ mọ́kànlá péré ló wà ní kíláàsì ọmọ mi. Aago márùn-ún òwúrọ̀ ni agogo ń dún fún àdúrà, wọ́n ń lọ sí ilé ìsìn láàárín ọ̀sẹ̀ àti ní ọjọ́ Ìsinmi, olùṣọ́ kò sì ní ṣí géètì fún ọmọ tí kò bá ní ìwé àyè ìjáde lọ́wọ́. Àwọn ọmọ ń ráhùn sí òfin wọ̀nyí, èmi náà sì ti ráhùn rí, nígbà tí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ mi nítorí pé ó tẹ̀ ẹ́ nígbà ìsìn, tí wọn kò dá a padà títí sáà fi parí. Síbẹ̀, nígbà tí ibà jẹ̀funjẹ̀fun dá a dùbúlẹ̀ ní ọdún kìíní, ọjọ́ tí ìjókòó rẹ̀ ṣófo gan-an ni olùkọ́ rẹ̀ kan fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin láti béèrè rẹ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti wà ní ilé ìwòsàn ọgbà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, olùkọ́ yẹn ti pè mí lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ṣàìsàn rí níbi tirẹ̀, níbi tí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọ ti ń há ara wọn mọ́ gbọ̀ngàn kan, tí àwọn mìíràn ń dúró ní ojú fèrèsé kọ ìwé. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi dùbúlẹ̀, alábàágbé rẹ̀ nìkan ló mọ̀. Ìyàtọ̀ yìí ni mo ta ilẹ̀ mi rà. Ó tún ní ohun tí n kò rà tí mo rí gbà: ọmọ mi ń fọ abọ́ nínú ilé wa, ó ń kọ orin Hausa tí wọ́n fi ń yin Ọlọ́run ní ilé ìsìn wọn, ó sì ń kọ ti àwọn Tiv mọ́ ọn, èmi tí mo ti gbé ní apá ibí fún ogún ọdún kò mọ ìdajì nínú wọn.

Alábàágbé rẹ̀ nínú yàrá, tí ó tún jẹ́ ọmọ kíláàsì rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ mi dá lé lórí. Télọ̀ ni bàbá rẹ̀, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Nyanya. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 ni epo tó ń rọ sínú jẹnẹrétọ̀ ti ń jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀, nígbà tó sì di pé ilé-ìwé fi kún owó lẹ́ẹ̀mejì, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o mọ́. Ó ti san ju ìdajì lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìdánwò àkọ́kọ́, wọ́n mú ìwé orúkọ wá láti ẹ̀ka ìṣúná, wọ́n ní kí ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀ dìde. Ọmọ náà dìde pẹ̀lú àwọn mẹ́ta mìíràn. Olùkọ́ tó ń ṣọ́ ìdánwò lọ́jọ́ náà, tí iṣẹ́ ọ̀gá fi dandan mú un láti mú wọn jáde, ni olùkọ́ kan náà tó fi ẹsẹ̀ rìn lọ wá ọmọ mi lọ́jọ́ tó ń ṣàìsàn. Ọmọ mi sọ fún mi pé òun kọ ìdánwò òun tán, ṣùgbọ́n òun kò lè rántí ohun tí òun kọ. Ní ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kí wọ́n tó tún ṣe irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé ọdún kan ti lọ.

Mo mọ ohun tí àwọn aláṣẹ ilé-ìwé yóò sọ, òótọ́ sì wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1993 ni àwọn iléeṣẹ́ ti ń san owó-orí fún ètò ẹ̀kọ́, owó náà ni àjọ TETFund fi ń kọ́ ilé, tó fi ń ra ohun èlò, tó sì fi ń rán olùkọ́ lọ kàwé sí i, ṣùgbọ́n ti ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba nìkan ni. Yunifásítì ìjọ kò rí kọ́bọ̀ níbẹ̀. Inú owó tí àwa òbí ń san ni wọ́n ti ń san owó oṣù, tí wọ́n ti ń ra dísẹ̀lì, tí wọ́n sì ti ń ṣe ohun gbogbo tí àjọ tó ń ṣàkóso àwọn yunifásítì ń béèrè kó tó fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ kan. Bí ọgọ́rùn-ún òbí bá jẹ gbèsè nínú ilé-ìwé kékeré, ó lè dí owó oṣù olùkọ́ lọ́wọ́. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Èyí gan-an ni mo fi ń sọ pé kí a má fi ilé-ìwé àti òbí nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọmọ Ẹ̀gbẹ̀ ni mí, ní ilẹ̀ Yàgbà, níbi tí míṣọ́nnárì Thomas Titcombe ti dé ní ọdún 1908. Àwọn tó rán an wá ni ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì SIM, èyí tó jáde láti inú ìrìn-àjò àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin mẹ́ta tó gúnlẹ̀ sí Èkó ní ọdún 1893, Walter Gowans, Thomas Kent àti Rowland Bingham. Kí ọdún 1894 tó parí, Gowans àti Kent ti kú ní Òkè Ọya níhìn-ín, Bingham nìkan ló ṣẹ́kù. Orúkọ rẹ̀ ni ìjọ ECWA, tí iṣẹ́ ẹgbẹ́ SIM bí, fi sọ yunifásítì tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 2005 ní Karu, lójú ọ̀nà Àbújá sí Keffi. Ọdún kan náà ni Yunifásítì Mkar bẹ̀rẹ̀ ní Gboko, àwọn Kátólíìkì náà sì dá Veritas sílẹ̀ ní 2007, tó kọ́kọ́ wà ní Ìpínlẹ̀ Abia kí ó tó wá dúró sí Bwari ní Àbújá. Mo ń sọ ìtàn yìí nítorí pé kò sí ẹnì kan nínú àwọn tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà tó wá kọ́ ilé-ìwé fún ọmọ olówó. Bàbá mi kò ní owó nígbà tó wà ní ilé-ìwé míṣọ́n. Oko ilé-ìwé ló ń ro ní ọjọ́ Sátidé, wọ́n ń yọ ọ́ kúrò nínú owó tó jẹ, kò sì sí ọjọ́ kan tí wọ́n lé e kúrò lórí ìjókòó.

Kí àwọn ìjọ tó ni àwọn ilé-ìwé yìí jẹ́ kí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ padà wá. Iṣẹ́ wà nínú ọgbà, ní ilé ìkàwé, ní ilé ìdáná, ní oko àti ní ọ́fíìsì, tí ọmọ lè ṣe fún wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀. Bí gbèsè bá ṣì kù, kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ ṣe ìdánwò, kí wọ́n di èsì mú títí owó yóò fi pé. Èsì tí a dì mú ṣeé tú sílẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá dé, ọdún tó ti lọ kò ṣeé dá padà. Kí ìjọba àpapọ̀ náà jẹ́ kí ọmọ tó bá fi hàn pé òbí òun kò ní lọ́wọ́ gba ẹ̀yáwó yìí níbikíbi tó bá ti ń kàwé tí ìjọba fọwọ́ sí. Ẹ̀yáwó ni, ọmọ náà ni yóò san án lẹ́yìn tó bá ṣe àgùnbánirọ̀ tán, kì í ṣe ìjọ ni wọ́n fún lówó.

Àwa Yorùbá tó wà ní Àbújá àti agbègbè rẹ̀ ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù. Ìjọ wa kún Nyanya, Karu, Kubwa àti Gwagwalada. Ní gbogbo ìkórè ni à ń ra aṣọ ẹbí tuntun, tí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń bá èkejì díje. Nínú ẹgbẹ́ ìyá tí mo wà, mo ti dábàá pé kí á lo aṣọ tọdún tó kọjá ní ìkórè tó ń bọ̀, kí á kó owó aṣọ jọ fún ọmọ mẹ́rin tí owó ilé-ìwé wọn kù. Àwọn kan gbà, àwọn kan ní kí n jẹ́ kí wọ́n rò ó. Mo ń fi lẹ́tà yìí bẹ àwọn tó ń rò ó, àti àwọn ẹgbẹ́ ìyá ní ìjọ mìíràn tí yóò kà á.

Ọmọ télọ̀ náà wà ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀ báyìí, òun ló ń ran bọ́tìnnì. Mo yà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó to àwọn ìwé rẹ̀ sí abẹ́ tábìlì ìgéṣọ, ó fi ọ̀rá bò wọ́n kí èérún aṣọ má bàa bà wọ́n. Ó sọ fún mi pé olùkọ́ tó mú òun jáde lọ́jọ́ yẹn ń pe òun ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ó sì ń sọ ibi tí wọ́n kà dé nínú kíláàsì fún òun.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ìyá akẹ́kọ̀ọ́ kan,
Mararaba, Ìpínlẹ̀ Nasarawa.