Ẹ Bá Wa Yẹ Ìpolówó Àgbo Ìtọ̀ Ṣúgà Wò

Sí Olóòtú,

Mo fi ìwé yìí bẹ̀ yín pé kí ẹ máa fara balẹ̀ yẹ ìpolówó àgbo wò kí ẹ tó gbé e jáde, pàápàá èyí tó bá ń ṣèlérí pé òun ń wo ìtọ̀ ṣúgà, òun sì ń dáàbò bo ọkàn. Ní Abẹ́òkúta níbí, láti Ìtòkú dé Láfẹ́nwá, àgbo bẹ́ẹ̀ kò wọ́n, àwọn kan tó ń tà á sì ń sọ fún oníbàárà pé kó pa oògùn òyìnbó tì.

N kò bá ewé jà o. Wọ́n ti dán ewúro àti ejìnrìn wò lára eku, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn sì wálẹ̀. Metformin pàápàá, oògùn òyìnbó tí ọ̀pọ̀ onítọ̀ ṣúgà ń lò, ara ewéko ilẹ̀ Yúróòpù kan tó ń jẹ́ Galega officinalis ni ìmọ̀ rẹ̀ ti wá. Ọdún 1957 ni Jean Sterne, dókítà ará Faransé, kéde bó ṣe ṣiṣẹ́ lára èèyàn. Ìgbà tó sì di 1998 ni ìwádìí ńlá kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi hàn pé ó dín ìkọlù ọkàn kù láàárín àwọn onítọ̀ ṣúgà tó sanra. Wọ́n wọn ìwọ̀n oògùn náà, wọ́n sì ń ṣọ́ àwọn tó ń lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Irú iṣẹ́ yẹn ni a kò tíì ṣe parí lórí ewúro àti ejìnrìn tiwa.

Ṣúgà nìkan kọ́ ló ń ba ọkàn onítọ̀ ṣúgà jẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ń bá a dí ojú iṣan pa. Ohun tó tilẹ̀ ń bà mí lẹ́rù jù ni pé àìsàn yìí lè pa ìmọ̀lára débi pé ìkọlù ọkàn á dé láìjẹ́ pé àyà dun èèyàn, tó fi jẹ́ pé ẹni tó ń sọ pé ara òun ti yá látìgbà tí òun ti ń mu àgbo lè wà nínú ewu ńlá. Ẹni tó sì ń mu àgbo mọ́ glibenclamide, oògùn òyìnbó mìíràn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, ṣúgà rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù: ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn á bò ó, ojú á ṣú u. Kí a má tíì sọ ti àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ.

Ẹ wo ara ọ̀pọ̀ ike àgbo tó ní nọ́ńbà NAFDAC: ní lẹ́tà wínníwínní, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àjọ náà kò tíì yẹ ohun tí wọ́n ní ó ń ṣe wò. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yẹn hàn gàdàgbà nínú ìpolówó tí ẹ bá gbà, kí ẹ má sì gba èyí tó bá ní kí aláìsàn já oògùn rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ tún bá wa bẹ àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì pé kí wọ́n má jágbe mọ́ ẹni tó bá sọ pé òun ń mu àgbo, kí wọ́n bi í léèrè irú ewé tó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Abẹ́òkúta