Ẹ jẹ́ ká lo oṣù tí ọwọ́ dilẹ̀

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o.

Èmi ni mo máa ń kọ ìwé tí àjọ kékeré kan n'Íbàdàn fi ń béèrè owó ìrànwọ́. Àwa mẹ́fà la wà níbẹ̀, àwọn ọmọbìnrin tí kò lè lọ sílé ìwé mọ́ la sì ń kọ́ ní aṣọ rírán. Ọdún kọkànlá mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀hún. Àwọn alága, akọ̀wé àti akápò irú àjọ wa ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀.

Iṣẹ́ yìí ní ìgbà, bí oko ṣe ní ìgbà. Ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ni ọdún ìnáwó ìjọba Amẹ́ríkà ń parí, nítorí náà láti oṣù keje ni ìkéde owó ìrànwọ́ wọn ti máa ń ya lù wá ní ọ́fíìsì. Láti ìgbà tí wọ́n sì ti ti USAID, àjọ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń ṣèrànwọ́ fún ilẹ̀ òkèèrè, pa ní ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2025, àwọn àjọ ńláńlá tó ń gbowó níbẹ̀ ti wá ń kan ilẹ̀kùn tí àwa kéékèèké ń kàn. Ìwé tó bá lábùkù díẹ̀ báyìí, ẹ̀gbẹ́ kan ni wọ́n ń jù ú sí.

N kò lè gbàgbé oṣù kẹjọ ọdún 2023. Aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ní Washington ni gbèdéke ìwé tí a fẹ́ fi béèrè owó lọ́wọ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ìyẹn aago mẹ́wàá alẹ́ lọ́dọ̀ wa. Ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ọ́dítọ̀ kò tíì fọwọ́ sí ìwé ìṣirò owó, torí a kò tíì san ìyókù owó rẹ̀. Akápò wà níbi ìsìnkú n'Ílọrin, fóònù rẹ̀ kò lọ. Baálẹ̀ abúlé tí a fẹ́ ṣiṣẹ́ sí ti rìnrìn àjò, ọwọ́ rẹ̀ ni òǹtẹ̀ wà. Wọ́n mú iná lọ ní aago méje, ọkọ mi sáré lọ ra epo jẹnẹrétọ̀. Nígbà tí ìwé máa fi pé, ó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́wàá lù. Mo fi ránṣẹ́, wọ́n dá a padà: ìforúkọsílẹ̀ wa lórí SAM.gov, ìkànnì ìjọba Amẹ́ríkà tí ẹni tó bá fẹ́ gba owó wọn ti ń forúkọ sílẹ̀, ti kú láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ọdọọdún là ń sọ ọ́ dọ̀tun, ọ̀fẹ́ sì ni, kò ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀rọ ìránṣọ 18 ni à bá fi owó yẹn rà. Mo mọ àwọn ọmọ tí ì bá jókòó sídìí wọn. Mẹ́ta nínú wọn ń kiri omi tútù lójú títì.

Oṣù karùn-ún àti ìkẹfà, tí ìkéde kò pọ̀, ni wọ́n máa ń ní mo jókòó lásán. Wọ́n á ní kí n lọ bójú tó àlejò, kí n di ipò ẹni tó gba ìsinmi mú. Ẹ gbọ́ o, ìgbà náà gan-an ni iṣẹ́ mi. Ìgbà náà ló yẹ kí n dé Dùgbẹ̀ lọ bèèrè iye tí ẹ̀rọ ń lọ, kí n kí baálẹ̀ nílé rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù, kí n jókòó ti àwọn ìyá ọmọ títí wọn á fi sọ tinú wọn. Ìgbà náà ló yẹ kí ọ́dítọ̀ wá, kí a sì san owó rẹ̀ tán. Ìwé ọdọọdún tí irú àjọ wa ń fi ránṣẹ́ sí CAC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń forúkọ iléeṣẹ́ àti àjọ sílẹ̀, ńkọ́? Láti ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ni òfin ti gbà wá láyè títí di ọjọ́ 31 oṣù kejìlá. Kí ló dé tó jẹ́ ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì ni a máa ń rántí?

Alága wa, mo mọ̀ pé ẹ máa ń ka ìwé ìròyìn yìí. Fáìlì aláwọ̀ ewé ti wà lórí tábìlì yín láti ọjọ́ Ajé. Ojú ìwé kẹrin ni ẹ máa fọwọ́ sí, ẹ jọ̀ọ́ sà.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì,
Ìbàdàn.