Àwọn fọ́tò Las Vegas àtijọ́ tí ó yẹ kí a tún rí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbádùn àwọn fọ́tò ìgbésí ayé àti fàájì ìgbà àtijọ́ ní Las Vegas tí ẹ tẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kan ni mo fẹ́ bẹ̀ yín: ẹ má ṣe fi mọ sórí àwọn èyí tí wọ́n yà láti fi polówó ìlú náà nìkan.

Ọdún 1905 ni wọ́n tẹ ìlú náà dó sínú aṣálẹ̀ Nevada, nígbà tí ilé iṣẹ́ reluwé lu ilẹ̀ ibẹ̀ ní gbàǹjo, ó sì di 1931 kí ìpínlẹ̀ náà tó fi òfin fàyè gba tẹ́tẹ́ títa. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn oníṣòwò ìlú gba àwọn ayàwòrán síṣẹ́, kí wọ́n máa fi fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn káàkiri. Lára irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni ti òtẹ́ẹ̀lì Sands, níbi tí tọkùnrin tobìnrin ti dúró nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú aṣọ ìwẹ̀ lára, tí wọ́n rọ̀gbà yí tábìlì tẹ́tẹ́ ká nínú omi. Bákan náà ni àwọn tí ó fi èéfín bọ́ǹbù átọ́míìkì hàn lójú ọ̀run ìlú, nítorí láti 1951 ni ìjọba ti ń dán bọ́ǹbù wò ní nǹkan bí kìlómítà 105 síbẹ̀, tí àwọn àlejò sì ń jí láàárọ̀ kùtù láti wá wòran. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá tẹ irú fọ́tò yìí láìsọ̀rọ̀ nípa àwọn tí atẹ́gùn gbé eruku bọ́ǹbù náà lọ bá.

Èyí tí ó ká mi lára jù ni ti àwọn aláwọ̀ dúdú. Láti Fordyce ní Arkansas àti Tallulah ní Louisiana ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Àwọn ni wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tí wọ́n ń fọ abọ́ ní òtẹ́ẹ̀lì, síbẹ̀ àdúgbò Westside, ní òdìkejì ojú irin, níbi tí ọ̀pọ̀ ọ̀nà kò ti ní ọ̀dà, ni wọ́n há wọn mọ́. Àní Nat King Cole àti Sammy Davis Jr., tí èrò ń wọ́ tẹ̀ lé, a máa kọrin ní òtẹ́ẹ̀lì tí wọn kò gbọdọ̀ sùn sí. Ẹ̀rín ni a ń rí lójú wọn nínú fọ́tò. Àlàyé abẹ́ rẹ̀ nìkan ni ó lè sọ ibi tí wọ́n wọ̀ sí mọ́jú.

Òtẹ́ẹ̀lì Moulin Rouge yàtọ̀. Nígbà tí ó ṣí ní oṣù Karùn-ún 1955, aláwọ̀ dúdú àti funfun jókòó pọ̀ níbẹ̀, Joe Louis akànṣẹ́ a máa kí àlejò káàbọ̀, ìwé ìròyìn Life sì gbé àwọn oníjó ibẹ̀ sí ojú ìwé àkọ́kọ́. Kò lo ọdún náà tán tí ó fi kógbá sílé. Inú ilé yìí kan náà, tí ó ti wà ní títì, ni àwọn aṣáájú ìlú àti ti aláwọ̀ dúdú ti fẹnu kò ní oṣù Kẹta 1960 pé kí àwọn òtẹ́ẹ̀lì ńlá jáwọ́ nínú yíya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀, lẹ́yìn tí NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, ti ní àwọn yóò fẹ̀hónú hàn.

Yunifásítì Nevada tí ó wà ní Las Vegas ti kó fọ́tò àwọn ìdílé Westside jọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àyè fún díẹ̀ nínú wọn, kí ẹ sì máa kọ ọdún, ibi tí wọ́n ti yà á àti ẹni tí ó yà á sábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan.

Èmi ni,
Olùkàwé yín