Sí Àṣàkẹ́, tó ní òun ò rí nǹkan kọ

Àṣàkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ṣé ara ọmọ ti yá? Ẹ má fi oògùn ibà nìkan ṣe é o, ẹ jẹ́ kó máa mu omi dáadáa. Àwa náà wà níbí, a ń dúpẹ́. Iná ò sí láti àárọ̀, fóònù mi sì ti kú, ìdí nìyẹn tí mo fi mú bírò.

Mo ti ka ohun tó o kọ ránṣẹ́. O ní látìgbà tó o ti wọ iṣẹ́ yìí, o ò kọ ìtàn kankan tó jẹ́ ìtàn. Ilé, ọkọ̀, ọ́fíìsì, ọkọ̀, ilé, kí lèèyàn fẹ́ kọ nínú ìyẹn? O tún ní àwa tá a dàgbà n'Ìbàdàn láyé ìjọ́sí rí nǹkan ńlá, a rí omíyalé, pé ẹ̀yin ò rí ju sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lọ. Ẹ̀rín pa mí.

Òótọ́ ni pé mo rí i. Ọjọ́ Sunday ni, ọjọ́ 31, oṣù kẹjọ, ọdún 1980. Òjò rọ̀ títí odò Ògùnpa fi kún àkúnya, ó gbé ilé, ó gbé mọ́tò, ó gbé ọmọ èèyàn lọ. Omíyalé, agbárá ya ṣọ́ọ̀bù. Gbogbo ìyẹn wà nínú ìwé ìròyìn, ẹni tí kò dé Ìbàdàn rí lè kọ ọ́. Àmọ́ tí mo bá jókòó láti kọ nípa rẹ̀, omi kọ́ ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ohun tó máa ń wá ni ìgbà tí omi ti fà, tí màámi kó fọ́tò síta.

Inú àpótí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì làwọn fọ́tò yẹn wà, gbogbo wọn ti lẹ̀ mọ́ra. Màámi jókòó sẹ́yìnkùlé, wọ́n bu omi tó mọ́ sínú abọ́, wọ́n ń rì wọ́n sínú rẹ̀, wọ́n wá ń fi èékánná ṣí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn á ṣí, òmíràn á fàya. Òmíràn á ṣí tán, ojú ẹni tó wà níbẹ̀ á ti bá ẹ̀yìn ìkejì lọ. Èmi ni mò ń gun àkàsọ̀, tí mò ń tẹ́ wọn sórí páànù ilé ìdáná, mò ń fi òkúta wẹ́wẹ́ lé wọn létí kí atẹ́gùn má bàa kó wọn.

Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti obìnrin kan tó jókòó. Gèlè rẹ̀ wà, ìró rẹ̀ wà, ọwọ́ tó gbé lé apá àga wà, tòun ti aago. Ojú ò sí. Màámi wò ó, wọ́n ní, "Àbúrò mi nìyí. Aṣọ ìsìnkú bàbá wa ló wọ̀ yẹn, èmi ni mo bá a san owó rẹ̀, kò sì dá a padà." Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé gbèsè wà láàárín wọn. Nígbà tó tún yá, wọ́n ní aṣọ ìkómọ ni. Ìgbà mìíràn, wọ́n ní àbúrò àwọn bá fọ́tógíráfà jà lọ́jọ́ yẹn, pé ẹ̀bẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀ ẹ́ kó tó jókòó. Mo ní, "Màámi, ẹ ò sọ bẹ́ẹ̀ níjọ́sí." Wọ́n ní, "Ṣé ìwọ lo ni àbúrò ni?"

Àṣàkẹ́, nígbà tí ojú ṣì wà nínú fọ́tò yẹn, màámi ò sọ nǹkan kan nípa rẹ̀ rí ju "àbúrò mi nìyẹn" lọ. Ìgbà tí omi fọ ojú lọ ni ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu wọn. Nítorí náà má fòyà pé o máa ń gbàgbé nǹkan. Ibi tó o ti gbàgbé gan-an nìtàn máa ń gbà wọlé. Àmọ́ nǹkan kan wà níbẹ̀: màámi ti wo aṣọ yẹn dáadáa kó tó di pé omi dé. Wọ́n mọ ẹni tó rà á, wọ́n mọ ẹni tó jẹ owó. Ohun téèyàn ò wò dáadáa, kò ní í rí nǹkan gbàgbé níbẹ̀.

Ìwọ náà kúkú rí omíyalé tìrẹ. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2011, nígbà tí omi tún ya n'Ìbàdàn, bàtà rẹ tó o sá síta lò ń sunkún nítorí rẹ̀. Ṣé o ti kọ bàtà yẹn?

Ìwọ lo sì sọ fún mi lórí fóònù pé kọ́ndọ́ so ìwọ àti ìyá oníhíjáàbù kan pọ̀ fún ṣéńjì l'Ọ́jọ́ta, pé ẹ jọ ń rìn kiri wá ẹni tó máa bá yín já owó, kẹ́ ẹ sì tó dé ìdí oníbọ̀ọ̀lì, ìyá náà ti sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀ tó wà ní Líbíà fún ọ. O wá ní, "Ẹ má dá mi lóhùn jàre, mò ń jẹ káàdì yín lásán." Ta ló ní lásán ni? Èèyàn méjì tí wọn ò mọra rí, owó kan ṣoṣo so wọ́n pọ̀, ọ̀kan ń rojọ́ ọmọ. Mo bi ọ́ pé kí ló gbé dání, o ò mọ̀. Ibẹ̀ ni mo bá ọ wí sí. Tó bá tún di ọjọ́ mìíràn, wo ọwọ́ èèyàn.

O tún ń bẹ̀rù pé ẹlòmíràn ti kọ irú ẹ̀. Kó kọ ọ́. Nílẹ̀ Ọ̀yọ́ láyé àtijọ́, ìyàwó tó ń sun ẹkún ìyàwó kì í dá gbogbo ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ti kọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó ti sun ún ṣáájú, àwọn obìnrin tó ń gbọ́ ọ sì mọ̀ ọ́n tán. Ìgbà tó bá dé orí ìyà tí ìyá tirẹ̀ jẹ kó tó tọ́ ọ, tó dárúkọ agboolé tirẹ̀, nígbà yẹn lomi á bọ́ lójú wọn.

Fóònù yìí ń ṣe mí ní nǹkan kan o. Á kàn ṣàdédé gbé fọ́tò wá, á ní irú òní, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ta ló bi í? Èmi ni mo máa yan ohun tí mo fẹ́ rántí. Ìwọ náà, má máa sáré gbé gbogbo nǹkan sórí Facebook kó tó jinná. Wọ́n á ti pàtẹ́wọ́ fún ọ, ara rẹ á balẹ̀, o ò sì ní í kọ ọ́ mọ́.

Bó o bá ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, kọ́kọ́ yà sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi ní Bẹẹrẹ. Wọ́n ní irọ́ ni mò ń pa, pé àwọn làwọn gun àkàsọ̀ lọ́jọ́ yẹn, èmi ni mo di í mú nísàlẹ̀. Gbọ́ tẹnu wọn, kó o kọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, má bá mi jà fún wọn. Wọ́n fẹ́ràn búrẹ́dì Àgége, ra méjì dání, kí ọ̀kan jẹ́ tèmi.

Èmi ni,
Màmá rẹ