Sí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí wọ́n ń pè sí ìpàdé àdúgbò

Ẹ̀yin ọmọ wa,

Bí wọ́n bá pè yín sí ìpàdé lórí ètò àdúgbò, ẹ kọ́kọ́ béèrè ohun tó kù tí wọn kò tíì fẹnu kò lé lórí. Bí ó bá jẹ́ pápá ìṣeré ni, tí wọ́n sì ti yà á sórí ìwé tán, tí wọ́n sì ti pín owó rẹ̀, àtẹ́wọ́ lásán ni wọ́n pè yín wá pa. Nínú ìwé tí Roger Hart, onímọ̀ nípa ìkópa àwọn ọmọdé, kọ fún UNICEF, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé, ní 1992, ó fi ìkópa àwọn ọmọdé wé àkàsọ̀ onípele mẹ́jọ. Mẹ́ta ìsàlẹ̀ kì í ṣe ìkópa rárá: kí wọ́n ti ọ̀rọ̀ bọ ọmọ lẹ́nu, kí wọ́n fi í ṣe ọ̀ṣọ́, kí wọ́n jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tí kò ní í yí nǹkan kan padà. Nítorí náà, ẹ wádìí oṣù tí wọ́n máa ń ṣètò ìnáwó ọdún tó ń bọ̀, kí ẹ sì ti débẹ̀ ṣáájú.

Ẹ má lọ lọ́wọ́ òfo. Ẹ ya àdúgbò sórí ìwé fífẹ̀ kan, kí ẹni márùn-ún tàbí mẹ́fà sì rìn ín yíká lẹ́ẹ̀mẹta: ní àárọ̀ tí àwọn ọmọ ń lọ sílé ẹ̀kọ́, ní ọ̀sán, àti nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ibi ìṣeré ọ̀sán lè di ibi ẹ̀rù lálẹ́. Ní oríta tó ń bà yín lẹ́rù, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ máa fa ìlà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá sọdá. Ìlà karùn-ún ni kí ẹ fi dábùú mẹ́rin tó ṣáájú, kí kíkà má baà rú yín lójú. Ẹ tún un kà lọ́jọ́ òjò. "Ọ̀nà yìí léwu" kò lè wúwo tó iye tí ẹ fojú ara yín kà. Kí àwọn ọmọbìnrin àti àwọn tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara wà lára àwọn tó ń rìn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ pápá bọ́ọ̀lù nìkan ni yóò jáde.

Ohun kan ni kí ẹ béèrè, ó pọ̀ jù, méjì. Ẹni tó béèrè mẹ́wàá, èyí tó rọrùn jù ni wọ́n á ṣe fún un, wọ́n á sì ní àwọn ti gbọ́ tirẹ̀.

Ẹ má rán ẹnì kan ṣoṣo lọ: kí ọ̀kan sọ̀rọ̀, kí èkejì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìpàdé aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ti lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde kó tó bẹ̀rẹ̀; àwa àgbà ló yẹ kí a sún un, ẹ má tijú láti sọ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ tó dìde, ẹ gba orúkọ ẹni tí yóò ṣe iṣẹ́ náà àti ọjọ́ tí yóò parí rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní kí wọ́n kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún yín.