Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹnu ara wọn sọ ohun tí wọ́n kọ́

Sí Olóòtú,

Mo ka lẹ́tà tí ọ̀kan nínú àwọn òǹkàwé yín kọ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú èyí tí ó ti sọ pé ìnáwó tí kò nídìí ni gbogbo ayẹyẹ ìparí ọdún ẹ̀kọ́ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ ń ṣe, àti pé ó yẹ kí àwọn bíṣọ́ọ̀bù fi òfin dè é. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìntì, àwọn ọmọ ọmọ mi sì wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Àgùdà kan níhìn-ín ní Ìbàdàn. Mo gbà pẹ̀lú òǹkọ̀wé náà lórí ìnáwó, ṣùgbọ́n n kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí òfin. Àwọn àgbà tó ní yinniyinni kí ẹni ó ṣe mìíràn mọ ohun tí wọ́n ń sọ, pàápàá bí ó bá kan ọmọdé. Ohun tí ó yẹ kí á bi ara wa ni pé kí ni gan-an là ń yin àwọn ọmọ náà fún.

Bí nǹkan ṣe máa ń rí ní ọ̀pọ̀ ibi kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ní ọmọ nílé ìwé. Wọn a ta àtíbàbà, wọn a gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn tí ariwo rẹ̀ ń mi ilẹ̀ wá, wọn a sì pe alága ọjọ́, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sábà máa ń gùn ju ti gbogbo àwọn ọmọ náà lápapọ̀ lọ. Ọmọ ọdún márùn-ún tí ó ń kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi bọ́ sí ìwé kìíní yóò wọ ẹ̀wù gbàgẹ̀rẹ̀ àti fìlà onígun mẹ́rin tí àwọn tó gboyè ní yunifásítì ń wọ̀, àwọn òbí rẹ̀ yóò sì ti san owó ẹ̀wù náà, owó fọ́tò, owó oúnjẹ àti owó aṣọ ijó. Nígbà tí ó bá wá kan ẹ̀bùn, orúkọ ọmọ kan ṣoṣo ni wọn yóò máa pè láìmọye ìgbà: òun ló gba ipò kìíní, òun ló mọ ìṣirò jù, òun ló mọ Gẹ̀ẹ́sì jù, òun náà ni ìwà rẹ̀ dára jù. Iṣẹ́ àwọn yòókù nínú kíláàsì náà ni kí wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó ṣòro kí á rí òbí kan lábẹ́ àtíbàbà yẹn tí yóò lè sọ, nígbà tí ó bá ń darí lọ sílé, ohun kan pàtó tí ọmọ rẹ̀ mọ̀ ní oṣù Keje tí kò mọ̀ ní oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n wọlé. Lórí èyí, ẹ̀yìn òǹkọ̀wé yín ni mo wà gbágbáágbá.

Ṣùgbọ́n ní oṣù Keje tó kọjá yìí, ilé ẹ̀kọ́ tí àwọn ọmọ ọmọ mi ń lọ yí ètò náà padà pátápátá. N kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà, tí ó jẹ́ sísítà, kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dà bí ìpolówó. Mísà ìdúpẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ ìwé karùn-ún ni wọ́n sì ka Bíbélì níbẹ̀, ẹ̀kọ́ kìíní ní Yorùbá, èkejì ní Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn ìbùkún, dípò kí wọ́n darí wa sábẹ́ àtíbàbà, wọ́n ní kí òbí kọ̀ọ̀kan lọ sí kíláàsì ọmọ rẹ̀. Lórí tábìlì ọmọ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n tẹ́ ìwé iṣẹ́ méjì sí: ọ̀kan ṣí sí ojú ewé tí ọmọ náà kọ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n wọlé, èkejì ṣí sí ojú ewé tí ó kọ ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n parí ìdánwò. Kò sí ọ̀rọ̀ ìwúrí kankan lára ògiri. Mo rí awakọ̀ kan tí ó dúró ti tábìlì ọmọ rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, tí ó ń wo ìwé àkọ́kọ́, tí ó ń wo èkejì, tí ó tún ń padà sí àkọ́kọ́. Mo ti kọ́ ọmọ púpọ̀ láyé mi, n kò sì tíì rí káàdì èsì ìdánwò tí ó ṣàlàyé ara rẹ̀ fún òbí tó bẹ́ẹ̀.

Ní ìwé kejì, àwọn ọmọ kàwé fún wa, ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ewé tí wọ́n ti há sórí. Olùkọ́ wọn gbé ìwé kíkà lé àwọn òbí lọ́wọ́, ó ní kí wọ́n ṣí i síbi tó bá wù wọ́n. Ọmọ kan dúró lórí ọ̀rọ̀ kan, ó pè é ní sílébù-sílébù, ó tún un pè lódindi, ó sì ń bá kíkà rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tí ó rẹ́rìn-ín, olùkọ́ rẹ̀ kò sì sọ ọ́ fún un. Ní tèmi, ibi tí ó dúró yẹn gan-an ni ó fi hàn pé ó ti mọ ìwé kà, nítorí pé ẹni tí ó há nǹkan sórí kò ní ohun tí yóò dúró lé lórí bí ọ̀rọ̀ bá sọnù mọ́ ọn lẹ́nu.

Ìwé kẹrin ni mo ti pẹ́ jù. Ìṣirò Yorùbá ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Olùkọ́ wọn pe márùndínláàádọ́ta, ó ní kí ẹnì kan tú u palẹ̀. Ọmọdébìnrin kan dìde, ó ní àádọ́ta ni a mú márùn-ún kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n bi í pé kí ni àádọ́ta fúnra rẹ̀, ó ní ọgọ́ta ni a mú mẹ́wàá kúrò nínú rẹ̀. Wọ́n bi í pé ọgọ́ta ńkọ́, ó ní ogún lọ́nà mẹ́ta ni. Ó kọ ọ́ sójú pátákó ní fígọ̀, 20 × 3 = 60, 60 − 10 = 50, 50 − 5 = 45, ó sì jókòó. Àwa òbí tí a dúró lẹ́yìn ń ka ìka wa lábẹ́ aṣọ. Àwọn ọmọ ìwé karùn-ún ti wọn òòró àti ìbú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ náà, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀. Ní ìwé kẹfà, ibà ni wọ́n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ìyá kan tí ó jẹ́ nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé kí ló dé tí a fi ń tẹnu mọ́ ọn pé kí ènìyàn sùn nínú nẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ẹ̀fọn kò yé jẹ wá níta ní ìrọ̀lẹ́. Ọmọkùnrin kan dáhùn pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọn ló ń gbé ibà, pé abo ẹ̀fọn tí wọ́n ń pè ní Anopheles ni, àti pé òru tí àwọn ènìyàn ń sùn ni ó sábà máa ń jẹ. Ìbéèrè yẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n ti múra sílẹ̀ fún.

Wọ́n ṣì fún àwọn tó gba ipò kìíní ní ẹ̀bùn, bí ó sì ti yẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní kíláàsì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀bùn kan tún wà fún ọmọ tí ó tẹ̀ síwájú jù láti ìgbà tí ó wọlé, òmíràn sì wà fún ọmọ tí ó ran àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ jù. Ìwé ìtàn àti ìwé atúmọ̀ èdè ni gbogbo ẹ̀bùn náà. Nígbà tí wọ́n pe ọmọ tí ó tẹ̀ síwájú jù, wọn kò kéde ní gbangba bí ó ti burú tó tẹ́lẹ̀, èyí tí ì bá dójú tì í. Ìwé méjèèjì tí ó wà lórí tábìlì rẹ̀ ti sọ ọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ mọ̀. Inú ìyá kan tí ọmọ rẹ̀ gba ipò kìíní kò dùn. Ó ní wọ́n ti bomi pa iná ògo ọmọ òun. N kò dá a lẹ́bi, ọmọ náà ṣiṣẹ́. Ohun tí mo sọ fún un ni pé ọmọ rẹ̀ náà dáhùn ìbéèrè níṣojú gbogbo ènìyàn, ẹnikẹ́ni tó gbọ́ ọ kò sì ní sọ pé àṣìṣe ló gbé e dé ipò náà.

Àwọn kan lè máa sọ pé àṣà àtọ̀húnrìnwá ni irú ètò báyìí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil padà sí Èkó ti ń kọ́ ọmọ wọn ní àdúrà kí àlùfáà àkọ́kọ́ láti inú S.M.A., ẹgbẹ́ àwọn míṣọ́nnárì ìjọ Àgùdà, tó wá fìdí kalẹ̀ síbẹ̀ ní 1868, ìbéèrè àti ìdáhùn sì ni katikísímù tí a fi tọ́ àwa náà dàgbà. Ta ni kò rántí bí àyà ṣe máa ń já wa nígbà tí bíṣọ́ọ̀bù bá wá fún wa ní ìfìdímúlẹ̀, tí yóò kọ́kọ́ na ìka sí ẹnì kan láàárín wa, tí yóò sì bi í ní ìbéèrè níṣojú gbogbo ìjọ? Ìdáhùn tí wọ́n há sórí ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà náà, mo gbà. Ohun tí sísítà yìí ṣe ni pé ó mú àṣà kí ọmọdé dìde dáhùn, ó sì yọ àhásórí kúrò nínú rẹ̀. Ní 1965, ìpàdé àpapọ̀ àwọn bíṣọ́ọ̀bù ní Vatican gbé ìwé kan jáde lórí ẹ̀kọ́, nínú èyí tí wọ́n ti sọ pé òbí ni olùkọ́ àkọ́kọ́ fún ọmọ. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé òbí ní ẹ̀tọ́ láti mọ ohun tí olùkọ́ kejì ń ṣe.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí Yorùbá tí mo gbọ́ ní ọjọ́ náà, nítorí pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan ṣì wà, ti ìjọ Àgùdà náà sì wà nínú wọn, níbi tí ọmọ tó bá sọ èdè ìyá rẹ̀ nínú ọgbà ti ń san owó ìtanràn. Jean-Baptiste de La Salle, ẹni mímọ́ tí Póòpù Pius Kejìlá fi ṣe alábòójútó gbogbo olùkọ́ ní 1950, ilẹ̀ Faransé ló ti ṣiṣẹ́ ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, nígbà tí ó jẹ́ pé Látìn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà. Òun ló ní kí àwọn ọmọ mẹ̀kúnnù kọ́kọ́ fi Faransé tí wọ́n ń sọ nílé mọ ìwé kà. Nílẹ̀ wa níhìn-ín, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní 1970, nínú èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn ẹ̀kọ́ yòókù. Ilé ẹ̀kọ́ tó ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ nítorí Yorùbá, tí ó wá ń pe ọmọ náà jáde ní ọjọ́ ayẹyẹ pé kí ó wá ki oríkì fún àlejò pàtàkì, kí ni ká ti pe ìyẹn?

Àwọn olùkọ́ lè sọ pé iṣẹ́ ọ̀hún pọ̀. Mo bi àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ yìí, wọ́n ní ó dín sí ti àtẹ̀yìnwá, nítorí pé ijó àti eré tí wọ́n máa ń fi kọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn ìdánwò ló máa ń jẹ àkókò jù. Ní tòótọ́, ó ní ìdí tí àwọn ayẹyẹ wọ̀nyí fi rí bí wọ́n ṣe rí. Ilé ẹ̀kọ́ tí òbí ń san owó ní láti fi ara rẹ̀ hàn kí òbí má baà gbé ọmọ lọ síbòmíràn, aṣọ àti ijó sì ni ojú tètè ń rí.

Èyí ló mú mi rántí àwọn ọmọ tí kò sí ẹni tí ń ṣe ayẹyẹ kankan fún. Nígbà tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù Kìíní 1955, púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ tó gba àwọn ọmọ náà wọlé jẹ́ ti ìjọ. Ìjọba gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́ ìjọ ní àwọn ọdún 1970. Ní Èkó, wọ́n dá àwọn kan padà fún àwọn tó ni wọ́n ní 2001. Ṣùgbọ́n káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ṣì pọ̀ tí “R.C.M.” (Roman Catholic Mission) tàbí orúkọ ẹni mímọ́ wà lára ògiri wọn, tí ṣọ́ọ̀ṣì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọmọ ibẹ̀ náà ń kọ́ ìwé kíkà, ó sì lè tú márùndínláàádọ́ta palẹ̀ bí a bá kọ́ ọ. Títẹ́ ìwé méjì sórí tábìlì kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Bí fadá àti ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì bá bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ náà sọ̀rọ̀, tí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ìjọ ra ìwé ìtàn bíi mélòó kan, tí àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì sì lọ jókòó gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń kàwé, ayẹyẹ ti délẹ̀ nìyẹn.

Ẹ̀yin náà ní ipa tiyín, Olóòtú. Fọ́tò olóṣèlú tó jókòó sídìí tábìlì ńlá ni a sábà máa ń rí nínú ìwé ìròyìn bí ilé ẹ̀kọ́ bá ṣe ayẹyẹ, a kì í gbọ́ gbólóhùn kan láti ẹnu ọmọ. Mo bẹ̀ yín kí ẹ ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún tó ń bọ̀, nígbà ìsinmi, fún àròkọ Yorùbá láti ọwọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ti ìjọ àti ti ìjọba, láìsí fọ́tò, kí ẹ kọ kíláàsì àti ìlú wọn nìkan sí abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbà, èmi àti àwọn olùkọ́ bíi mélòó kan tí a jọ ṣiṣẹ́ ti ṣetán láti bá yín ka àwọn tó bá wọlé, láìgba owó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì, Ìbàdàn.